Ẹ̀bi Tí Ó Farasin: Ọ̀rọ̀ Lórí Àyànmọ́ Nínú Eré Ìbànújẹ́ Àwọn Gíríìkì Àtijọ́



Kò sí ẹni tí ó ń ka Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì nínú wa tí kò mọ Áréópágù, òkè àpáta nì ní ìlú Áténì, níbi tí a mú Pọ́ọ̀lù lọ kí ó lè sọ ẹ̀kọ́ titun tí ó mú wá. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wa má mọ ohun tí ó ti sọ òkè náà di olókìkí kí Pọ́ọ̀lù tó dé ibẹ̀. Ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn àgbà Áténì ti máa ń jókòó láti dá ẹjọ́ ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní alẹ́ òní kò jìnnà sí òkè náà. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bi. Bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí ó burú jùlọ láìmọ̀ pé òun ṣe é, tí a sì ti sọ kí a tó bí i pé yóò ṣe é, ǹjẹ́ ẹni náà jẹ̀bi? Àwọn Gíríìkì bi ara wọn ní ìbéèrè yìí ní ilé ẹjọ́, wọ́n fi jà nínú ọ̀ràn ìlú, wọ́n sì gbé e síwájú gbogbo ènìyàn nínú eré ìbànújẹ́ wọn. Ti eré náà ni èmi yóò sọ jùlọ, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gbé wọ ènìyàn lára.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wí pé gbogbo ọdún tí èmi yóò dárúkọ jẹ́ ti ìgbà tí a kò tíì bí Olúwa wa, àfi ibi tí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí náà bí iye náà bá ṣe ń dínkù ni ìgbà ṣe ń súnmọ́ tiwa.

Lọ́dọọdún, ní nǹkan bí oṣù kẹta ọdún, àwọn ará Áténì máa ń ṣe ọdún Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì. Ní ẹsẹ̀ òkè olódi ìlú náà, ní ìhà gúúsù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn a jókòó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè láti wo eré. Akéwì mẹ́ta a máa díje. Eré ìbànújẹ́ mẹ́ta ni olúkúlùkù wọn yóò mú wá, pẹ̀lú eré ẹ̀fẹ̀ kan lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin nìkan ni ń ṣe eré náà, wọ́n a sì fi ìbòjú bo ojú. Ènìyàn mẹ́ta péré ni ń pín gbogbo ọ̀rọ̀ sísọ láàárín ara wọn, pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin tí ń jó, tí ń kọrin, tí ó sì ń dá sí ọ̀rọ̀ bí àgbà ìlú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré àṣenajú lásán ni. Ọdún òrìṣà ni, ọdún ìlú sì ni. Ìtàn tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe titun sí àwọn òǹwòran, gẹ́gẹ́ bí àlọ́ ìjàpá kò ti jẹ́ titun sí ọmọ ilé wa. Wọ́n ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n wá wò ni bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò ti ṣe mọ̀ ọ́n.

Nínú àwọn akéwì wọ̀nyí, Sophocles ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. A bí i ní nǹkan bí ọdún 496 ní Colonus, ìletò kan lẹ́bàá Áténì, ó sì kú ní ọdún 406. Eré tí ó kọ lé ní ọgọ́fà, ṣùgbọ́n méje péré ni ó kù lódindi fún wa. Èyí tí ó ní òkìkí jùlọ nínú wọn ni ti Oedipus ọba.

Ìtàn náà nìyí. Laius ọba Thebes gbọ́ láti Delphi, ojúbọ òrìṣà Apollo, pé ọmọ tí Jocasta aya rẹ̀ yóò bí fún un ni yóò pa á. Nígbà tí a bí ọmọ náà, ọjọ́ mẹ́ta kò tíì pé tí wọ́n fi gún ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ní ọrùn-ẹsẹ̀, tí wọ́n dè wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì fà á lé ìránṣẹ́ kan lọ́wọ́ pé kí ó lọ sọ ọ́ nù lórí òkè Cithaeron. Àánú ọmọ náà ṣe ìránṣẹ́ yìí. Ó fi í fún darandaran kan tí ó ti Kọ́ríńtì wá, ẹni náà sì gbé e lọ fún Polybus ọba Kọ́ríńtì, ẹni tí kò ní ọmọ. Nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó wú ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Oedipus, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ wíwú. Ẹ kíyèsí i pé orúkọ ọkùnrin yìí ń sọ ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, àwọn ènìyàn sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Nígbà tí ó dàgbà, ọ̀mùtí kan sọ fún un níbi àsè pé kì í ṣe ọmọ bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó lọ sí Delphi láti bèèrè ẹni tí ó bí òun. Apollo kò dá a lóhùn lórí ohun tí ó bèèrè. Ohun tí ó gbọ́ ni pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya. Nítorí ìbẹ̀rù èyí, ó pinnu pé òun kì yóò padà sí Kọ́ríńtì mọ́ láéláé. Ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. Ní oríta mẹ́ta kan, ó pàdé bàbá arúgbó kan nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀; wọ́n fẹ́ fi agbára tì í kúrò lójú ọ̀nà, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀, arúgbó náà sì fi ọ̀pá kọ lù ú lórí. Oedipus lù ú padà, ó pa á, ó sì pa àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀, àfi ẹnì kan tí ó sá àsálà. Lẹ́yìn náà ó dé Thebes, ó sì bá ìlú náà nínú ìpọ́njú, nítorí Sphinx, abàmì ẹranko tí ó ní ojú obìnrin àti ara kìnnìún, ń pa ẹnikẹ́ni tí kò bá lè já àlọ́ rẹ̀. Oedipus já a. Àwọn ará ìlú fi í jọba, wọ́n sì fi opó ọba tí ó kú fún un ní aya. Jocasta bí ọmọ mẹ́rin fún un.

Gbogbo èyí ti kọjá kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fi èyí sọ́kàn. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà ààfin bá ṣí, tí Oedipus sì jáde wá bá àwọn tí ń bẹ̀ ẹ́, ohun tí a ti sọ tẹ́lẹ̀ ní Delphi ti ṣẹ tán láti ọdún púpọ̀. Àrùn wà ní ìlú, irúgbìn ń kú lóko, aboyún kò bí láyọ̀. A ti rán Creon, arákùnrin Jocasta, lọ sí Delphi, ó sì padà wá pẹ̀lú èsì pé ẹni tí ó pa Laius ń gbé ìlú náà. Kí wọ́n lé e jáde tàbí kí wọ́n pa á, àrùn yóò sì dáwọ́ dúró. Lójú ẹsẹ̀ ni Oedipus ké pe gbogbo ìlú pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba apànìyàn náà sílé, kí wọ́n má bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n má bá a rúbọ. Ó fi í bú, ó sì fi kún un pé bí ó bá jẹ́ nínú ilé òun ni ẹni náà wà, kí èpè náà mọ́ òun lórí.

Ó ránṣẹ́ pe Tiresias, wòlíì afọ́jú. Ọkùnrin yìí mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ ilé. Oedipus fi ìbínú fà á lẹ́nu títí ó fi wí pé ọba fúnra rẹ̀ ni apànìyàn tí ó ń wá. Kò gbà á gbọ́. Ó rò pé Creon ni ó fi owó ra wòlíì náà kí ó lè gba ìjọba lọ́wọ́ òun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa aláìṣẹ̀ nítorí àbá yìí. Jocasta wá láti tù ú nínú: ó ní kí ó má ka ọ̀rọ̀ wòlíì sí, ṣé a ti sọ fún Laius pé ọmọ rẹ̀ ni yóò pa á, síbẹ̀ ọlọ́ṣà ni ó pa á ní oríta mẹ́ta. Níbi oríta mẹ́ta yẹn ni ọkàn Oedipus gbé já. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà sọ láti fi lé ẹ̀rù lọ ni ó mú ẹ̀rù wọlé.

Àwọn baba wa wí pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, ó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Oníṣẹ́ kan ti Kọ́ríńtì dé pẹ̀lú ìròyìn pé Polybus kú, inú wọn sì kọ́kọ́ dùn, nítorí ó dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ Delphi di asán. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ náà, nítorí ó fẹ́ mú ẹ̀rù ìyá kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá, sọ fún un pé Polybus kò bí i. Òun gan-an ni darandaran tí ó gbà á nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́. Jocasta mọ̀ lójú kan náà. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí ó má wádìí mọ́. Kò gbọ́, ó wọlé lọ, kò sì sí ẹni tí ó tún rí i láàyè lójú agbo. Wọ́n mú ìránṣẹ́ àtijọ́ nì wá, ẹni tí a fi ọmọ náà lé lọ́wọ́, òun náà sì ni ẹni kan ṣoṣo tí ó sá àsálà ní oríta. Oedipus fi ìyà dẹ́rù bà á, ó sì fi agbára gba òtítọ́ náà lẹ́nu rẹ̀. Jocasta pokùnso. Oedipus fa ìkọ́ wúrà tí ó wà lára aṣọ rẹ̀ yọ, ó sì fi wọ́n gún ojú ara rẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ó ka ìtàn yìí ni ó wí pé, Àyànmọ́ kò gbóògùn, kí ni ọkùnrin náà ìbá ṣe? Èmi kò rò pé ibẹ̀ ni eré náà fi sí. Delphi sọ pé yóò pa bàbá rẹ̀, ó sì sọ pé yóò fẹ́ ìyá rẹ̀. Delphi kò sọ fún un rí pé yóò wádìí rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni ẹnì kan gbìyànjú láti dá a dúró: Tiresias ní kí ó jẹ́ kí òun lọ, Jocasta ní kí ó fi ọ̀rọ̀ wòlíì sílẹ̀, Jocasta tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ìránṣẹ́ arúgbó nì sì bẹ̀ ẹ́ nítorí Ọlọ́run kí ó má bèèrè mọ́. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, òun nìkan ni ó ní kí a máa bá a lọ. Nígbà tí àwọn akọrin sì bi í léèrè pé òrìṣà wo ni ó tì í fọ́ ojú rẹ̀, ó ní Apollo ni ó mú ìyà náà wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó gún ojú, ọwọ́ òun ni. Ó mọ ibi tí ti Apollo parí sí, ó sì mọ ibi tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn tí ó mọ̀. Tiresias mọ̀, ó dákẹ́ láti ọdún yìí wá. Ìránṣẹ́ nì, bí ó ti rí ẹni tí ó jókòó lórí ìtẹ́ Laius, ó di ọwọ́ Jocasta mú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rán òun lọ sí oko, níbi tí ojú òun kì yóò ti tó ìlú. Àwọn ará ìlú kò wádìí ikú ọba wọn nígbà tí ó kú, nítorí Sphinx wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Aristotle fúnra rẹ̀ rí i pé ó ṣòro láti gbàgbọ́ pé Oedipus lè wà lórí ìtẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí láìmọ bí ẹni tí ó jẹ ṣáájú rẹ̀ ti ṣe kú. Èmi kò kà á sí àléébù ńlá. Ìlú ni ó ń gbé láìbèèrè, kì í ṣe òun nìkan. Ẹ̀bi tí ó farasin a máa fẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí yóò bá a dákẹ́.

Níhìn-ín ni kí n sọ gbólóhùn kan nípa ọ̀rọ̀ àyànmọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí àwọn Gíríìkì ń pè ní moira, ìtumọ̀ rẹ̀ ní kíkún ni ìpín, bí ẹni pé a pín ẹran fún olúkúlùkù níbi àsè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn baba wa lò nígbà tí wọ́n ń sọ nípa orí, ó sì rọrùn láti rò pé ohun kan náà ni wọ́n ń wí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú èrò àwọn baba wa, ènìyàn kúnlẹ̀ ó sì yan ìpín rẹ̀ kí ó tó wá sí ayé. Oedipus kò yan ohunkóhun. A pín in fún un ni. Ola Rotimi, ẹni tí ó gbé ìtàn yìí wá sí ilẹ̀ Yorùbá nínú eré tí a kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, tí a sì tẹ̀ ní ọdún 1971, mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó yí ìjà tí ó wà lójú ọ̀nà padà di ìjà lórí oko, ó sì jẹ́ kí ó jẹ́ pé ẹ̀gàn tí arúgbó náà sọ sí ẹ̀yà ọmọkùnrin náà ni ó mú un bínú débi ìpànìyàn. Àkọlé eré rẹ̀ sì wí gbangba pé kí a má di ẹ̀bi náà ru àwọn òrìṣà.

Ó yẹ kí a bèèrè ìdí tí irú eré bẹ́ẹ̀ fi gún àwọn ará Áténì lọ́kàn. A kò kọ ọdún tí wọ́n ṣe é sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ó jẹ́ ní àwọn ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ọdún 430. Ní ọdún yẹn, tí ogun Áténì àti Sparta wọ ọdún kejì, àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú Áténì, níbi tí Pericles, olórí wọn, ti kó àwọn ará oko wọ inú odi nítorí ogun. Thucydides, ẹni tí ó kọ ìtàn ogun náà, ní àrùn yìí fúnra rẹ̀, ó sì yè é. Ó sọ pé Apollo ti ṣe ìlérí fún Sparta ṣáájú pé òun yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, àwọn ènìyàn sì ń rántí ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ti ń sin òkú.

Ọ̀rọ̀ mìíràn sì tún wà lẹ́yìn èyí. Ní nǹkan bí ọdún 632, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Cylon gba òkè olódi Áténì, ó fẹ́ fi agbára jọba. A ká wọn mọ́ ibẹ̀, ebi sì ń pa wọ́n. Àwọn ènìyàn rẹ̀ di pẹpẹ mú, a ṣe ìlérí fún wọn pé a kì yóò pa wọ́n bí wọ́n bá jáde, a sì pa wọ́n. Ẹ̀bi náà wá sórí ìdílé Megacles, ẹni tí ó jẹ́ ìjòyè ní ọdún náà. A lé wọn kúrò ní ìlú, a tilẹ̀ hú egungun àwọn òkú wọn jáde nínú ilẹ̀, a sì gbé e sọnù. Wọ́n padà nígbà tí ó yá, wọ́n sì tún di ńlá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 432, lẹ́yìn igba ọdún gbáko, Sparta rán ikọ̀ sí Áténì pé kí wọ́n lé ègún òrìṣà náà jáde. Kí ló dé? Nítorí pé inú ìdílé yẹn ni a bí ìyá Pericles sí. Kì í ṣe ìfẹ́ òrìṣà ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ará ìlú rẹ̀ máa wò ó pẹ̀lú ìfura. Áténì dá wọn lóhùn pé kí àwọn náà lọ lé ègún tiwọn jáde, nítorí Sparta ní tirẹ̀. Ogun bẹ̀rẹ̀, àrùn dé. Pericles sin ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì tí aya rẹ̀ bí fún un, òun náà sì kú ní ọdún 429.

Nítorí náà nígbà tí àwọn òǹwòran rí ìlú tí àrùn wà nínú rẹ̀, tí wọ́n rí olórí ọlọ́gbọ́n tí gbogbo ènìyàn gbójú lé, tí wọ́n sì gbọ́ ohùn láti Delphi pé kí a lé aláìmọ́ jáde, wọn kò nílò alálàyé. Èmi kò sọ pé Pericles ni Sophocles fi Oedipus pè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà wà nínú ilé olúkúlùkù wọn: bí ibi bá dé bá ìlú, ta ni a ó wò? Ṣé ọmọ lè ru àbàwọ́n ohun tí a ṣe kí a tó bí i?

Ilé ẹjọ́ wọn ti ń jìjàkadì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 621 ni Draco ṣe òfin nípa ìpànìyàn. A tún un gbẹ́ sára òkúta ní ọdún 409, wọ́n sì wú òkúta náà jáde ní Áténì ní ọdún 1843 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa; ó wà níbẹ̀ títí di òní. Ìbẹ̀rẹ̀ ohun tí a lè kà lára rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ pa ènìyàn. Ti ẹni tí ó ṣèèṣì pa ènìyàn ni: kí ó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn ìbátan òkú lè dárí jì í kí ó padà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ gbà. Bí ẹnì kan bá kọ̀, kò lè wọlé. Síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá lọ pa á níbi tí ó sá lọ, ẹni náà jẹ̀bi bí ẹni pé ọmọ Áténì tí kò ṣẹ̀ ni ó pa. Ẹ̀yin tí ẹ ka Ìwé Númérì yóò rántí àwọn ìlú ààbò mẹ́fà tí a yà sọ́tọ̀ ní Ísírẹ́lì fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè méjì tí kò kọ́ òfin lọ́dọ̀ ara wọn ni, ìṣòro kan náà ni ó sì bá wọn.

Áréópágù ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ilé ẹjọ́ mìíràn, Palladion, ń gbọ́ ti ẹni tí ó ṣèèṣì. Ẹ̀kẹta, Delphinion, ń gbọ́ ti ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti pa ẹni tí ó pa. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́ ìpànìyàn, kí onídàájọ́ má bàa wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òkúta tàbí igi bá wó pa ènìyàn, wọ́n a dá ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n a sì gbé e sọnù rékọjá ààlà ilẹ̀ wọn. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti Phreatto ní etí òkun: bí ẹni tí a ti lé jáde nítorí ìpànìyàn àìmọ̀ bá tún ní ẹjọ́ ìpànìyàn mìíràn láti jẹ́, inú ọkọ̀ ojú omi ni yóò dúró sí sọ ti ẹnu rẹ̀, àwọn onídàájọ́ yóò sì jókòó sí èbúté, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa kan ilẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ya ohun méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn: ẹ̀bi ọkàn, èyí tí ó wà nínú ohun tí ènìyàn fẹ́ ṣe, àti àbàwọ́n, èyí tí í lẹ̀ mọ́ ọwọ́ láìbèèrè ohun tí ọkàn fẹ́. Plutarch sọ pé nígbà tí ọ̀kọ̀ tí a ń sọ níbi ìdíje ṣèèṣì pa ọkùnrin kan, Pericles àti Protagoras ọlọ́gbọ́n fi odindi ọjọ́ kan jiyàn bóyá ọ̀kọ̀ náà ni ó jẹ̀bi, tàbí ẹni tí ó sọ ọ́, tàbí àwọn tí ó ṣètò ìdíje náà. Àwọn kan fi wọ́n ṣẹ̀sín. Èmi kò rí ẹ̀rín nínú rẹ̀.

Bí a bá gbé Oedipus lọ síwájú àwọn ilé ẹjọ́ wọ̀nyí, ó hàn gbangba pé Áréópágù kò ní rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ lù ú, kò sì mọ ẹni tí ó jẹ́. Àwọn kan máa ń wàásù pé ìgbéraga àti ìbínú rẹ̀ ni ó pa á, pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó jẹ. Ó bínú, lóòótọ́. Ó fẹ́ ṣe Creon ní ibi. Ṣùgbọ́n ìbínú kọ́ ni ó mú kí obìnrin tí ó fẹ́ jẹ́ ìyá rẹ̀. Aristotle, tí ó kọ ìwé nípa iṣẹ́ akéwì ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, tí ó sì fi eré yìí ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ léraléra, wí pé ẹni tí ó yẹ fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ṣubú nítorí hamartia ni. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Májẹ̀mú Titun ní èdè Gíríìkì lò fún ohun tí Bíbélì wa ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀, èyí sì ti ṣi ọ̀pọ̀ òǹkàwé lọ́nà. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé kí ọfà má ba ohun tí a ta á sí. Aristotle lò ó fún àṣìṣe ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, kò sì lò ó fún ìwà ibi.

Kì í ṣe gbogbo akéwì ni ó rí ọ̀ràn náà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 467, Aeschylus, tí ó dàgbà ju Sophocles lọ, ti fi ìtàn ìdílé yìí gba ipò kìíní. Nínú tirẹ̀, ìgbà mẹ́ta ni Apollo kìlọ̀ fún Laius pé kí ó kú láìbímọ bí ó bá fẹ́ kí ìlú rẹ̀ yè, Laius kò sì gbọ́. Bàbá ni ó ṣẹ̀, ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì san án. Sophocles mọ eré náà, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀ṣẹ̀ Laius sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mẹ́nu kàn án. Aeschylus tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 458 nínú ìtàn Orestes, tí ó pa ìyá rẹ̀ ní àṣẹ Apollo nítorí pé ìyá náà pa bàbá rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti fi hàn pé nítorí ẹjọ́ yìí ni a ṣe dá Áréópágù sílẹ̀. Ìbò pín dọ́gba, a sì dá Orestes sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wo eré yẹn, ọdún díẹ̀ péré ni ó ti kọjá tí Ephialtes ti gba ọ̀pọ̀ agbára kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ Áréópágù, tí ó jẹ́ pé ẹjọ́ ìpànìyàn ni ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ tí ó kù sí wọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ gan-an, nígbà tí ó súnmọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, Sophocles padà sọ́dọ̀ Oedipus. Nínú eré yìí, ọba àtijọ́ náà ti di alágbe, ó fọ́jú, Antigone ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ń fà á lọ́wọ́ láti ìlú dé ìlú, títí wọ́n fi dé Colonus, ìletò tí a bí akéwì náà sí. Nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n fẹ́ lé e lọ. Níbẹ̀ ni ó ti rojọ́ tí kò rò ní Thebes. Ó bi Creon léèrè pé, bí ẹnì kan bá wá pa á, ṣé yóò kọ́kọ́ bèèrè bóyá bàbá rẹ̀ ni? Ó ní láìmọ̀ ni òun fi ṣe é. Ohun tí òun ṣe, wọ́n ṣe é sí òun ju bí òun ti ṣe é lọ. Ó ti yọ ẹ̀bi kúrò lọ́kàn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Theseus ọba Áténì ṣe é lóore, tí ó sì na ọwọ́ láti fi dì í mú nítorí ìdúpẹ́, ó rántí, ó sì fà ọwọ́ náà sẹ́yìn, nítorí kò fẹ́ kí àbàwọ́n òun kan ẹni rere bẹ́ẹ̀.

Theseus fún un ní àyè láti kú ní ilẹ̀ Áténì. Òun nìkan ni ó mọ ibi tí Oedipus gbé parí, ó sì búra pé òun kì yóò fi í han ẹnikẹ́ni, àní àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin pàápàá, nítorí a ti ṣe ìlérí pé ibojì náà yóò jẹ́ ààbò fún ìlú tí ó gba ẹni tí gbogbo ìlú lé. Sophocles kò rí ọjọ́ tí wọ́n ṣe eré náà. Ó kú ní ọdún 406. Áténì ṣubú sọ́wọ́ Sparta ní ọdún 404. Ní ọdún 401 ni ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Sophocles, gbé e wá síwájú àwọn ará ìlú.